ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: ỌWỌ́ OLÚWA LÓ TÒ WÁ

 

Bíbélì kíkà: 1 Kọ́ríńtì 12:14-22

Ẹ wo awò tí àwọn àgbà wa fi ń ka Bíbélì. Àárín dígí rẹ̀ nípọn, etí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ yẹn ló ń darí ìmọ́lẹ̀ tó fi ń pàdé lójú kan.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 2016, Federico Capasso àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Harvard, ní Amẹ́ríkà, ṣe awò kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n to àwọn òpó tín-tìn-tín sórí dígí pẹlẹbẹ. Titanium dioxide, ohun tó ń mú kí ọ̀dà ilé funfun, ni wọ́n fi ṣe é. Gíga òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ 600 nànómítà, kò tó ìdá kan nínú àádọ́ta ìnípọn fọ́nrán irun kan. Ojú lásán ò lè rí i.

Ẹ wá gbọ́ o: ohun kan náà ni wọ́n fi ṣe gbogbo òpó tó wà lórí awò náà, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n. Ibi tí wọ́n kọjú sí ló yàtọ̀. Ẹni tó tò wọ́n ló yí ọ̀kọ̀ọ̀kan síbi tó yẹ, kí ìmọ́lẹ̀ lè pàdé. Bí gbogbo wọn bá kọjú síbì kan náà, ìmọ́lẹ̀ á kàn kọjá lọ ni. Òpó kan ṣoṣo náà ò sì lè dá a ṣe.

Bóyá ẹ ti ń rò ó láti fi ìjọ sílẹ̀. Láti ìdájí Sọ́ńdè lẹ ti ń to àga, kò sẹ́ni tó dárúkọ yín rí. Ẹni tí ẹ jọ ṣèrìbọmi ti ń di máìkì mú. Ẹ wá ń bi ara yín pé, "Kí ni mo tiẹ̀ ń ṣe níbí?" Ohun tí ẹsẹ̀ sọ nìyẹn nínú Bíbélì tí a kà, nítorí pé kì í ṣe ọwọ́. Pọ́ọ̀lù ní ìyẹn ò yọ ọ́ kúrò lára. Ọlọ́run ló fi í síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ di máìkì mú náà, ẹ má gbàgbé màmá tó ń ta ata lọ́jà Ìkòtún, tó ń rọra fi owó ọkọ̀ sọ́wọ́ ẹni tí kò ní. Ojú ò gbọdọ̀ sọ fún ọwọ́ pé òun ò nílò rẹ̀. Bí a bá fi iṣẹ́ rọ́ ẹnì kan lọ́rùn tí a ò bìkítà fún un, ẹ má jẹ́ ká pe ìyẹn ní ìfẹ́ Ọlọ́run.

Iṣẹ́ òní: ẹ pe ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í hàn nínú ìjọ, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àdúrà: Olúwa, ibi tí O kọ ojú mi sí, fún mi ní oore-ọ̀fẹ́ láti dúró níbẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ Rẹ lè hàn nípasẹ̀ wa. Àmín.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. A óò ṣe é re o.