Áńgẹ́lì Náà Kò Bá Èlíjà Wí

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́langba tí ẹ kún àwọn àga ẹ̀yìn yẹn, Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 19, ni a ó ti jẹun lónìí. Ẹ ṣí i sílẹ̀ níwájú yín.

Ẹ ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orí tó ṣáájú. Èlíjà nìkan ló dúró lórí òkè Kámẹ́lì níwájú 450 wòlíì Báálì. Iná sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run. Òjò tó ti wọ́n fún ọdún mélòó kan rọ̀ lọ́jọ́ náà, wòlíì yìí sì sáré níwájú kẹ̀kẹ́ ẹṣin Ọba Áhábù títí wọ́n fi dé Jésírẹ́lì. Bẹ́ẹ̀ ni ìránṣẹ́ kan ṣe ti ọ̀dọ̀ Jésébẹ́lì dé. Ayaba ti búra: kó tó di ìwòyí ọ̀la, òun á pa á. Ọkùnrin tí kò sá fún 450 ènìyàn bá gbéra, ó sá fún ẹnì kan. Ó fi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Beerṣeba, ó dá wọ inú aginjù lọ ní ìrìn ọjọ́ kan, ó jókòó sábẹ́ igi juniperi, ó ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Wòlíì Ọlọ́run ló sọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe aláìnígbàgbọ́, Bíbélì kò sì sọ fún wa pé ẹ̀mí òkùnkùn kankan wọ inú rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ̀rù bà á, ó ti sá títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, kò sì sí ẹnì kankan nítòsí tó lè sọ ọ́ fún. Bí ọmọ ọdún 16 bá wá bá wa pé nǹkan ti sú òun, kí ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wa? "Kí ló ń sú ọ? Ṣé ìwọ lò ń san owó ilé ìwé ni? Nígbà tí èmi wà bíi tìẹ, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ sílé ìwé." Ẹlòmíràn á ní ọ̀rọ̀ ọmọ náà ti di ti ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ wá wo ohun tí Ọlọ́run ṣe. Áńgẹ́lì dé, kò bá a wí. Kò bi í pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ dà, kò rán an létí iná orí Kámẹ́lì. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kó dìde, kó jẹun. Àkàrà gbígbóná ló wà lórí ẹ̀yinná níbi ìrọ̀rí rẹ̀, pẹ̀lú omi mímu. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún dùbúlẹ̀, áńgẹ́lì sì jẹ́ kó sùn! Nígbà tó padà wá lẹ́ẹ̀kejì, oúnjẹ ló tún ní kó jẹ, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún un, pé ìrìn tó wà níwájú rẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Ó di ẹ̀yìn ogójì ọjọ́, nínú ihò àpáta ní Hórébù, kí Ọlọ́run tó bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́.

Ara ni Ọlọ́run kọ́kọ́ tọ́jú kó tó bá ọkàn sọ̀rọ̀. Ohun tí mo gbé wá fún yín lónìí nìyẹn.

Ìyá kan fa ọmọkùnrin rẹ̀ wá bá mi nígbà tí ìdánwò WAEC kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ní ọmọ náà ti ya ọ̀lẹ, ó ń jágbe mọ́ àwọn àbúrò rẹ̀, ó sì ń sunkún láìnídìí. Mo ní kí màmá lọ jókòó níta ná. Mo wo ọwọ́ ọmọ náà. Ó ti jẹ èékánná rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi gbẹ sí etí ìka. Mi ò bi í nípa ìwé rárá, mo bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀. Kò jẹ nǹkan kan. Ìgbà wo ló sùn? Aago mẹ́ta òru. Abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ló wà pẹ̀lú fóònù, ó ń ka ìbéèrè àtijọ́, ó sì ń wo bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń fọ́nnu lórí WhatsApp nípa ìwé tí wọ́n ti kà tán. Aago márùn-ún ni wọ́n jí i fún àdúrà ìdílé, ó pọnmi, ó lọ sílé ìwé, ó ti ibẹ̀ gba ilé lẹ́sìnnì lọ, ilẹ̀ ti ṣú kó tó padà délé. Oorun wákàtí méjì ni ọmọ yìí fi ń gbé gbogbo ẹrù yẹn, a wá ń pè é ní ọ̀lẹ.

Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa oorun sọ pé wákàtí 8 sí 10 ló yẹ kí ọmọ ọdún 13 sí 18 máa sùn lóru. Inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà lójú ọ̀sán jọ kó má baà sọnù. Ọmọ tí kò sùn á kàwé, kò ní rántí. Ìbínú rẹ̀ á yá, omijé rẹ̀ á sì yá. Nítorí náà, láti òní títí ìdánwò yóò fi parí, ọmọ SS3 kankan kò gbọdọ̀ bá wa ṣe ìṣọ́ òru, kọ́áyà kò sì gbọdọ̀ dá wọn dúró ju aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ. Àwa àgbà á gbàdúrà fún wọn, kí wọ́n lọ sùn. Tí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ kí fóònù wọn sun yàrá ìyá wọn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kàn yín báyìí. Ó lè ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngán ìdánwò pé kí àyà ẹni máa lù kìkìkì, kí àtẹ́lẹwọ́ máa làágùn, kí ìbéèrè tó o mọ̀ lánàá wá dà bí èyí tó ò rí rí. Orí rẹ kò dàrú. Ara rẹ ló rò pé Jésébẹ́lì ń bọ̀, ó ń múra àtisá. Fi bírò sílẹ̀. Fa èémí gba imú, kó o máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin nínú. Tú u jáde lẹ́nu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí o fi ka ẹ̀fà. Jẹ́ kí èyí tó ń jáde gùn ju èyí tó ń wọlé, torí ìgbà tí èémí bá ń jáde ni ìlù àyà máa ń rọlẹ̀. Ṣe é bíi ìgbà márùn-ún, kó o tó padà sí ìbéèrè tó rọrùn jù. Ẹ jẹ́ ká ṣe é pa pọ̀ báyìí, ẹ̀yin bàbá náà. Ẹ fà á... ẹ tú u... Ó dára.

Ẹ sì jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa máàkì. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà jáde síta ní Àbújá, ó bẹ ọmọ Nàìjíríà, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Àṣìṣe ti wọ inú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó sì kan ọmọ 379,997 ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún tó wà ní ìlà oòrùn gúúsù. JAMB ní kí àwọn ọmọ náà tún ìdánwò náà ṣe. Ẹ bá mi rò ó: láti ọjọ́ tí èsì ti jáde títí di ọjọ́ tí bàbá yẹn sunkún, mélòó nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni wọ́n ti pè ní olódo nílé? Mélòó ni wọ́n ti fi wé ọmọ aládùúgbò? Ẹ̀rọ ló ṣìṣe, ọmọ ló jẹ èébú. Ẹ má fi iye tí ọmọ gbà nínú 400 díwọ̀n ọmọ tí Ọlọ́run fún yín.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Beerṣeba díẹ̀. Ibẹ̀ ni Èlíjà ti fi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, lójú tèmi sì rèé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ìdààmú fẹ́ràn ẹni tó bá dá wà. Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, mọ èyí dáadáa. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà ní Arò, ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, kò ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé. Inú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ni wọ́n ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú lójú ọ̀sán. Ó fẹ́ kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan mú ará ilé rẹ̀ kan dání. Gbogbo ayé wá wò ó. Ìlànà ilé baba wa nìyẹn, kò sì yẹ kó ṣòro fún wa láti bá ọmọ wa jókòó.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọmọ méje tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní àìsàn kan tó jẹ mọ́ ọpọlọ tàbí ọkàn. Ẹ wẹ̀yìn, kí ẹ ka àwọn tó jókòó síbẹ̀ yẹn. Bí ọmọ bá sọ ohun tí Èlíjà sọ lábẹ́ igi, pé kí òun kúkú kú, ẹ má ní eré ló ń ṣe, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn Arò wà, ti Yábàá wà, UCH wà ní Ìbàdàn. Àdúrà á bá a lọ síbẹ̀.

Ní Hórébù, ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọlọ́run bi Èlíjà ní ìbéèrè kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni Èlíjà sì ṣe àròyé kan náà láìyí ọ̀rọ̀ padà, pé òun nìkan ló kù. Ọlọ́run kò ní ó ti sọ̀yẹn tẹ́lẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó jẹ́ kó mọ̀ pé 7,000 ènìyàn mìíràn ṣì wà, ó sì rán an sí Èlíṣà, ẹni tó máa bá a rìn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹni àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ sọ fún kò bá gbọ́, ẹ lọ bá ẹlòmíràn: àǹtí, tíṣà, ìyá ọ̀rẹ́ yín. Ẹ tún un sọ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ní gbogbo Ọjọ́rú, láti aago mẹ́rin, èmi àti ìyá ìjọ á wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Kò pọn dandan kí ẹ mú òbí wá, ẹ sì lè wá bí ẹ kò bá tiẹ̀ tíì mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ.