Ẹ̀rí Irin

Awakọ̀ kan wà ní àdúgbò wa tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí oníwà pẹ̀lẹ́. Ní òru ọjọ́ kan, ọkọ̀ rẹ̀ wọ abẹ́ ìdí tírélà kan tó dúró sójú títì, ó sì kú lójú ẹsẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹjọ́ ti parí. Àwọn kan ní eré àsápajúdé ló ń sá. Àwọn kan ní oorun ló gbé e lọ. Onítírélà ní iná ẹ̀yìn òun ń tàn yòò. Nígbà tí a dé ilé wọn láti bá wọn dárò, ohun tí gbogbo wa ń sọ ni pé àmúwá Ọlọ́hun ni. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ẹnu kan náà tó sọ bẹ́ẹ̀ níwájú opó ló tún ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ràn eré sísá jù. A fi ikú lé Ọlọ́hun lọ́wọ́, a sì di ẹ̀bi ru òkú. Kò sí ẹni tó bi irin léèrè.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́, kì í ṣe àwàdà ni mo ń ṣe. Irin lè jẹ́rìí. Gbogbo wa la mọ ìtàn tó wà nínú Súrà Yúsúfù. Nígbà tí ìyàwó ọ̀gá Ànábì Yúsúfù ka ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀, kò sí ẹlẹ́rìí kẹta nínú yàrá. Ẹ̀wù ni wọ́n yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ iwájú ló ti ya, obìnrin náà ló sọ òótọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn, a jẹ́ pé ńṣe ni Yúsúfù ń sá lọ tí wọ́n fi fà á. Ẹ̀yìn ló sì ti ya. Ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ àti bó ṣe bàjẹ́ ni ẹ̀rí. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe sí ọkọ̀ tó kọlu ara wọn kò ju èyí náà lọ, àfi pé ìṣirò tiwọn pọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, agbára tó wà nínú eré rẹ̀ níláti wá ibì kan lọ. Irin ló ń gbà á, ìdí nìyẹn tí irin fi ń rún. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára yìí á di ìlọ́po mẹ́rin. Ní 1974, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Campbell ní ilé-iṣẹ́ General Motors fi hàn, láti ara ọkọ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi kọlu ògiri, pé bí iwájú ọkọ̀ ṣe wọlé tó ni a fi lè mọ bí eré rẹ̀ ti tó. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni ilé ìwádìí Calspan ní ìlú Buffalo, ní Amẹ́ríkà, ṣe ètò kọ̀ǹpútà méjì tí wọ́n pè ní CRASH àti SMAC. Èkíní ń ti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú: a ó wọn bí irin ṣe wọlé tó, títí dé ojú ibi mẹ́fà, a ó wọn ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sùn sí, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò rẹ̀ padà sí eré. Èkejì ń ti iwájú lọ: a ó sọ eré tí a rò pé wọ́n ń sá fún un, á tún jàǹbá náà ṣe, a ó wá wò ó bóyá ibi tó gbé àwọn ọkọ̀ sí bá ibi tí a ti bá wọn mu. Bí kò bá mu, a ó tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n èyí tó jọ mí lójú jù ni ti gílóòbù. Nínú gílóòbù àtijọ́ tó ní okùn irin wẹ́wẹ́ nínú, bí iná bá ń tàn nígbà ìkọlù, okùn náà gbóná, ó rọ̀, ńṣe ni yóò fà gùn tí yóò sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Bí iná bá ti kú tẹ́lẹ̀, okùn náà tutù, ó le. Bó bá já, á já ṣánṣán. Bí gíláàsì rẹ̀ bá sì fọ́ nígbà tó ń tàn lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ á wọlé, okùn á jó, á fi lẹ́búlẹ́bú funfun sílẹ̀. Ohun tí kò tó èékánná ọmọdé lè tú àṣírí ẹni tó purọ́ nípa iná.

Ìgbà tí a bá gbọ́ irú èyí ni àwọn kan máa ń sọ pé kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a rọra. Ẹ mú ojú ipa táyà tó gùn ní mítà 30. Bí a bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé títì gbẹ, ó sì di táyà mú dáadáa, á ní ọkọ̀ náà ń sá bíi kìlómítà 73 ní wákàtí nígbà tí awakọ̀ tẹ bíréèkì. Bí a bá sọ fún un pé títì tutù, ó ń yọ̀, á ní bíi 55 ni. Ipa táyà kan náà ni o! Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó tẹ ọ̀rọ̀ sí i, òun gan-an ló ń jẹ́rìí. Irin ni ẹlẹ́rìí, kọ̀ǹpútà jẹ́ ògbufọ̀, ògbufọ̀ sì lè gba owó lọ́wọ́ ẹnì kan. Àwòrán mèremère tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà lè fi irọ́ han adájọ́ kedere. Àṣẹ tí Ọlọ́hun pa fún wa, pé kí a dúró ti òdodo nínú ẹ̀rí bó tilẹ̀ ta ko àwa fúnra wa tàbí òbí wa, dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ayé gbọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1997, ọkọ̀ Mercedes kan kọlu òpó kẹtàlá nínú ihò abẹ́ afárá Alma ní ìlú Paris. Diana tó ti fìgbà kan jẹ́ aya ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dodi Fayed ọmọ Íjíbítì, àti awakọ̀ wọn kú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá Dodi fi ń sọ pé wọ́n pa ọmọ òun ni, ọ̀pọ̀ nínú wa sì gbà á gbọ́ láìbèèrè ẹ̀rí. Ní 2005 wọ́n gbé àfọ́kù ọkọ̀ náà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún jàǹbá náà ṣe. Ìjábọ̀ àwọn ọlọ́pàá London jáde ní oṣù kejìlá 2006, ó tó ojú ewé 832. Eré náà sún mọ́ kìlómítà 100 ní wákàtí, níbi tí òfin fi sí 50. Ọ̀dà funfun tó lẹ̀ mọ́ Mercedes náà fi hàn pé ó ti fara gbá Fiat Uno funfun kan. Ní oṣù kẹrin 2008, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹ̀bi fún àìbìkítà awakọ̀ wọn, tí ọtí ń bẹ lára rẹ̀, àti ti àwọn ọkọ̀ tó ń lé wọn. Irin sọ̀rọ̀ títí dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó sọ eré, ó sọ ohun tó fara gbá a. Àníyàn ọkàn ẹnikẹ́ni kò sí nínú ohun tó lè sọ, kò sì sí ètò kọ̀ǹpútà tó ń wọn àníyàn.

Bí ọ̀ràn bá rí báyìí, kí ló dé tí a fi níláti ṣe wàhálà? Nítorí Súrà An-Nisá ni. Ẹni tó bá ṣèèṣì pa onígbàgbọ́ òdodo, owó ẹ̀jẹ̀ wà fún ẹbí òkú, àfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ìtánràn náà wà: kí ó dá ẹrú onígbàgbọ́ kan sílẹ̀, bí kò bá sì rí, kí ó gba ààwẹ̀ oṣù méjì léra wọn. Ọlọ́hun tó kádàrá ikú náà ló gbé ìtánràn lé ẹni tó ṣèèṣì lórí. Bó bá jẹ́ pé "àmúwá Ọlọ́hun ni" ti parí ọ̀rọ̀, kí ni ààwẹ̀ oṣù méjì wà fún? Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ló lè sọ èyí tó kan ẹni tó dá ọkọ̀ dúró sójú títì lóru láìtan iná. Ṣùgbọ́n àwọn náà kò lè sọ ọ́ bí a kò bá kọ́kọ́ mọ̀ bóyá iná náà tàn. Bí kò bá tàn, gbèsè lè wà lọ́rùn ẹnì kan tó ń jẹun ọ̀sán rẹ̀ láìfòyà. Bó bá tàn, aláìṣẹ̀ ni èmi ń fura sí láti ìgbà náà. Àwọn àgbà ní agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, ẹjọ́ onítírélà nìkan ni a sì gbọ́.

Lóòótọ́, àwọn ọkọ̀ tuntun ń ṣe àkọsílẹ̀ fúnra wọn. Láti oṣù keje 2024, gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun tí wọ́n ń tà ní àwọn orílẹ̀-èdè àpapọ̀ Yúróòpù níláti ní ẹ̀rọ tó ń ka eré àti bíréèkì ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tó ṣáájú ìkọlù. Tòkunbọ̀ àtijọ́ ni ọkọ̀ aládùúgbò wa. Gílóòbù ni ìbá jẹ́rìí fún un.

Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, ọmọ rẹ̀ àgbà lọ sí ibi tí wọ́n wọ́ àwọn ọkọ̀ náà sí, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí wọn. Wọ́n sọ fún un pé tírélà ti gba Òkè Ọya lọ láti ọjọ́ kẹta. Ti bàbá rẹ̀, wọ́n ti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Kílò ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.