Àjàlá Sá Sórí Àjà

Bí ìyá mi bá fẹ́ ra ìkòkò, ẹwà rẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ ń wò. Á gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, á fi oríkèé ìka lù ú lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ́tí. Èyí tó bá dún goro bí agogo ló jiná. Èyí tó bá dún bọ̀ọ̀, tí ohùn rẹ̀ kú sínú, á rọra dá a padà sórí àtẹ, oníkòkò kò sì ní bá a jiyàn. Ohun tí iná ò bá ṣe tán, ẹnu ò lè bá a ṣe é.

Ìkòkò yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń ka ìròyìn kánsù ìlú Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn kánsẹ́lọ̀ jókòó sí gbọ̀ngàn wọn ní Victoria Square, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò ti gé nǹkan bí £300 mílíọ̀nù kúrò nínú ìṣúná ọdún méjì. Wọ́n fi ìdá 9.99 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó-orí ilé. Owó tí wọ́n fi ń ran àwọn olórin àti eléré ìtàgé lọ́wọ́, wọ́n ní kó dín kù dé ìdajì lọ́dún àkọ́kọ́, kó sì tán pátápátá lọ́dún kejì. Wọ́n ní kí iná ojú pópó máa jó bàìbàì. Ilé ìkàwé àdúgbò 35 di ohun tí wọ́n ń kà bí ẹni ń ka adìyẹ lọ́jọ́ àìsùn ọdún: èwo ni yóò kù, èwo ni yóò lọ. Àwọn ará ìlú dúró síta pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́. Gbogbo àríyànjiyàn náà, ìbéèrè kan ló ń yí po: ibo ni ká gé?

Ẹni tí àpò rẹ̀ bá gbẹ kò lè ṣàì béèrè bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú Ifá, mo rò pé orí àjà ni Ifá yóò kọ́kọ́ ní kí wọ́n yẹ̀ wò.

Ìtàn Àjàlá wà nínú Ògúndá Méjì. Wándé Abímbọ́lá, onímọ̀ Ifá, ti kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn babaláwo sì ń sọ ọ́ títí di òní, bí wọ́n tilẹ̀ máa ń yí i díẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Àjàlá ni amọ̀kòkò ọ̀run tó ń mọ orí. Ọwọ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé, kò sí ẹni tó mọ orí bíi tirẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ó jẹ gbèsè káàkiri. Bí olówó bá ti yọ lókèèrè, Àjàlá á fi amọ̀ sílẹ̀, á gun àjà lọ fara pamọ́. Amọ̀ tó fi sílẹ̀ ńkọ́? Òmíràn kò jiná, òmíràn jóná, òmíràn là. Inú ilé kan náà ni gbogbo wọn wà, lójú ẹni tí kò mọ̀, orí ni gbogbo wọn. Orísẹ̀kú ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìja dé, wọn ò bá Àjàlá nílẹ̀, wọ́n fúnra wọn mú èyí tó tóbi, tó wu ojú. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sílé ayé ni òjò ká wọn mọ́nà, tí orí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, tó ń ré lulẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń fà yọ níbẹ̀ ni pé kí èèyàn fara balẹ̀ yan orí. Èmi kì í fẹ́ dá Orísẹ̀kú lẹ́bi tó bẹ́ẹ̀. Òjò kọ́ ló ba orí rẹ̀ jẹ́. Gbèsè tí ẹlòmíràn jẹ kí òun tó dé ilé náà ló bà á jẹ́, gbèsè tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Birmingham náà mọ orí ńlá. Lọ́dún 2013 ni wọ́n ṣí ilé ìkàwé àgbà wọn tó gba £188 mílíọ̀nù, òrùka irin ràkọ̀ràkọ̀ ló bo ara rẹ̀ bí aṣọ léèsì. Kò ju ọdún méjì lọ tí wọ́n fi gé wákàtí tó fi ń ṣí ilẹ̀kùn láti 73 lọ́sẹ̀ sí 40. Lọ́dún 2022, wọ́n gba eré ìdárayá Commonwealth lálejò, ìlú kún, ìlù dún. Oṣù mẹ́tàlá lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án 2023, ọ̀gá ìṣúná wọn kọ ìwé tí abala 114 nínú òfin ọdún 1988 ní kí ó kọ: owó ò tó mọ́, kí ẹnikẹ́ni má ná kọ́bọ̀ àfi lórí ohun tí òfin sọ di dandan.

Àwọn bàbá wa mọ ohun tó ń tẹ̀ lé irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí onígbèsè ò bá san, olówó á rán ológò sí i. Ológò á wọlé, á jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, á máa pariwo, á máa pa adìyẹ onílé jẹ, kò sì ní dìde títí owó yóò fi pé. Ní oṣù Kẹwàá 2023, ìjọba London rán àwọn kọmíṣánnà wọ Birmingham, Max Caller ni olórí wọn. Kánsù fúnra rẹ̀ ló sì ń san owó iṣẹ́ wọn, ìyẹn ni pé adìyẹ onílé ṣì ni. Ìjọba tún fọwọ́ sí £1.255 bílíọ̀nù tí wọ́n pè ní ìrànwọ́. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín. Wọn ò fa owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àyè ni wọ́n fún kánsù láti yáwó, láti ta ilẹ̀ àti ilé ìlú, kí ó sì fi í jẹun òòjọ́. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà ló jọ lójú mi.

Ta wá ni olówó tó ń kan ilẹ̀kùn? Kì í ṣe báǹkì. Obìnrin tó ń se oúnjẹ ọmọ iléèwé ni, àti èyí tó ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì, àti èyí tó ń tọ́jú arúgbó láti ilé dé ilé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọkùnrin tó ń kó ìdọ̀tí, tó ń gbá títì, tó ń gbẹ́ sàréè, ń gba àjẹmọ́nú lórí owó iṣẹ́ wọn. Àwọn obìnrin tí kánsù fúnra rẹ̀ tò sí ipele kan náà pẹ̀lú wọn kò rí i gbà. Lọ́dún 2012, olùpẹjọ́ 174, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé obìnrin ni gbogbo wọn, gbé ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Britain, ilé ẹjọ́ náà sì dá wọn láre pé kò tíì pẹ́ jù fún wọn láti béèrè owó wọn ní kóòtù. Láti ìgbà náà títí di 2023, ohun tí kánsù san lórí irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ súnmọ́ £1.1 bílíọ̀nù. Kí wọ́n lè rí i san, wọ́n ta ilé iṣẹ́ NEC, tó ni àwọn gbọ̀ngàn ìpàtẹ ńlá ìlú náà, ní £307 mílíọ̀nù lọ́dún 2015. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹfà 2023, wọ́n tún jáde sọ pé ó ku £650 mílíọ̀nù sí £760 mílíọ̀nù, àti pé oṣù kọ̀ọ̀kan ń fi £5 mílíọ̀nù sí £14 mílíọ̀nù kún un.

Ẹ ò rí i pé ọdún 2024 kọ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gé ìṣúná ní Birmingham. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gé e. Owó alásè ni wọ́n kọ́kọ́ gé. Kò sí ìpàdé tí wọ́n ti jiyàn lé e, kò sí pátákó níta, ìwé ìṣirò kò sì pè é ní gbèsè. Àǹfààní ni wọ́n rò pé àwọn jẹ.

Odù Ọ̀ṣẹ́túrá mọ ọ̀rọ̀ yìí. Irúnmọlẹ̀ 17 ló sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run wá tún ilé ayé ṣe, 16 jẹ́ ọkùnrin, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin. Wọ́n la ọ̀nà, wọ́n pa igbó, wọ́n ṣe ìpàdé, wọn ò pè é. Òun jókòó tòun tòòyà lọ́wọ́, ó ń di irun. Ẹbọ tí wọ́n rú kò dà, òjò kò rọ̀, ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn kò gún. Ni wọ́n bá gba ọ̀run lọ láti rojọ́. Olódùmarè bi wọ́n léèrè ẹnì kẹtàdínlógún wọn. Àfìgbà tí wọ́n padà wá bẹ̀ ẹ́ kí ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún.

Àwọn kan ní agbára àjẹ́ ni Ọ̀ṣun fi dí wọn lọ́wọ́. Bàbá kan tí mo máa ń lọ jókòó tì ní Ìbàdàn máa ń rẹ́rìn-ín sí èyí. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ta ni mo rò pé ó ń se oúnjẹ tí àwọn mẹ́rìndínlógún yẹn ń bọ̀ wá jẹ lẹ́yìn ìpàdé. Mi ò rí èsì fọ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ alásè nìkan kọ́ ló gbé Birmingham dé ibi tó dé. Kánsù ní owó tí ìjọba London gé kúrò fún òun láti 2010 lé ní £1 bílíọ̀nù. Ẹ̀rọ ìṣirò Oracle tí wọ́n kọ́kọ́ ní yóò gba £19 mílíọ̀nù dojú rú nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀ ní 2022, nígbà tó fi di 2023, owó rẹ̀ ti ń sáré lọ sí £100 mílíọ̀nù. Ìgbà kan wà tí ìlú tó ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan kò lè ka owó ara rẹ̀ já. Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Sheffield tilẹ̀ ní iye £760 mílíọ̀nù yẹn ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n sọ, ó burú jù: a jẹ́ pé orúkọ alásè ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba ará ilé, owó rẹ̀ sì wà nílẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan àwọn akólẹ̀. Nígbà tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2017, ipò kan ni wọ́n fi pẹ̀tù sí ìjà, ipò ẹni tó ń rí sí ààbò lẹ́yìn ọkọ̀ ìdọ̀tí. Lọ́dún 2025, kánsù ní bí ipò náà bá dúró, gbèsè owó ọgbọọgba mìíràn ni yóò bí, wọ́n sì fà á tu. Unite, ẹgbẹ́ àwọn akólẹ̀, ní àwọn kan yóò pàdánù tó £8,000 lọ́dún; kánsù ní kò tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó kàn ò sì pọ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta àwọn akólẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Nígbà tó fi di ọjọ́ 31, kánsù ti kéde pàjáwìrì, ìdọ̀tí tó wà nílẹ̀ sì ti tó 17,000 tọ́ọ̀nù, àpò dúdú lórí àpò dúdú lẹ́nu ọ̀nà àwọn èèyàn, tí eku ti da ìfun wọn síta.

Kánsù ní àwọn ń tu Ọ̀ṣun lójú, wọ́n fa àga kúrò nídìí Ògún. Ọ̀ṣun kò béèrè àga Ògún. Kí wọ́n ka òun mọ́ wọn ló béèrè. Bí wọ́n bá ti gbé tirẹ̀ ga nígbà tí ó ṣì kéré, ọkùnrin akólẹ̀ kankan kì bá tí máa fi ara rẹ̀ wé alásè bí ẹni ń wo ọ̀tá.

Ó ku Afùwàpẹ́, ọmọ Ọ̀rúnmìlà, ẹnì kẹta tó lọ yan orí nílé Àjàlá. Ibì kan wà nínú ìtàn rẹ̀ tí kò dùn mọ́ mi rí. Ó san gbèsè Àjàlá fún olówó tó ń pariwo, Àjàlá bẹ́ sílẹ̀ láti orí àjà, ó mú ọ̀pá irin, ó ń lu orí lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan èyí tó jiná dáadáa, ó sì gbé e fún un. Ó tán. Orí tirẹ̀ nìkan ló dára. Ẹni tó lówó ní Birmingham náà lè ra ìwé fún ọmọ rẹ̀, ó lè háyà ọkọ̀ kí ó wá kó ìdọ̀tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ tó ń ti iléèwé yà sí ilé ìkàwé àdúgbò ni òjò yóò ká mọ́nà.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú ìtàn náà tí a kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Oníbodè ni. Kí Afùwàpẹ́ tó dé ilé Àjàlá, ó bá a níbi tó ti ń se ọbẹ̀, eérú ló ń bù sí i. Ó ní ohun táwọn ń jẹ níbẹ̀ nìyẹn. Afùwàpẹ́ bu iyọ̀ sí i. Oníbodè tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ wò, ó ní òun ò jẹ irú rẹ̀ rí. Òun ló sọ fún un pé onígbèsè ni Àjàlá, orí àjà ló máa ń sá sí. Ó ti mọ̀ tipẹ́. Àwọn méjì tó ṣáájú kò ní iyọ̀ lọ́wọ́.

Ní oṣù Kejìlá 2024, kánsù bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ GMB àti UNISON fẹnu kò lórí owó àwọn obìnrin náà. Wọn ò dárúkọ iye rẹ̀ sétí ìlú lọ́jọ́ náà.