Ejò Tí Ó So Mọ́ Pọ́ọ̀lù Mímọ́ Lọ́wọ́



Ìtàn kan wà nínú Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, ní orí kejìdínlọ́gbọ̀n, tí a máa ń yára kà kọjá. Ọkọ̀ ti rì. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ àti gbogbo àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ gúnlẹ̀ sí erékùṣù Málítà nínú òjò àti òtútù, àwọn ará ìlú sì dá iná fún wọn. Pọ́ọ̀lù kò jókòó kí wọ́n máa sìn ín. Ó lọ ṣa igi jọ, bí ó sì ti ń kó o sínú iná ni paramọ́lẹ̀ jáde nítorí ooru, tí ó so mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ kíyèsí i pé lẹ́nu iṣẹ́ ni ejò ti bá a. Títí di òní, níbi igi ṣíṣẹ́, níbi iṣu wíwà àti oko ríro ni ejò ti ń bá ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn tí ó ń bù jẹ: àgbẹ̀, darandaran, ọmọdé tí ó ń lọ pọnmi láìwọ bàtà.

Kí ni àwọn ará Málítà wí? Wọ́n ní apànìyàn ni ọkùnrin yìí, ẹ̀san ni ó ké sí i. Nígbà tí wọ́n dúró títí tí kò wú, tí kò sì ṣubú lulẹ̀ kú, wọ́n yí ohùn padà, wọ́n ní òrìṣà ni. Ìgbà méjèèjì ni wọ́n ṣì í. N kò bú wọn, nítorí pé àwa náà, bí ejò bá bu ẹnìkan jẹ láàárín wa, kí a tó bèèrè ọ̀nà ilé ìwòsàn, a ó ti bèèrè ẹni tí ó rán ejò náà, tàbí ohun tí ẹni náà ṣe. Àní nínú èdè wa, bí ọ̀ràn kan bá rú wa lójú, a ó ní ejò lọ́wọ́ nínú.

Ní oṣù tí ó kọjá, ọmọdékùnrin kan nínú kíláàsì katikísìmù bi mí pé, “Fádà, ejò wo ni ó burú jù ní ayé?” Mo dá a lóhùn bí ìwé ti wí, pé taipan ti àárín gbùngbùn ilẹ̀ Ọsitirélíà ni. Nínú ìdánwò tí a fi eku ṣe, oró rẹ̀ ni ó mú jùlọ nínú oró gbogbo ejò orí ilẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo rí i pé ìdáhùn mi kò dára. Aṣálẹ̀ tí ènìyàn kò pọ̀ sí ni taipan yìí ń gbé, kì í sì í wá ènìyàn kiri. Ní gbogbo Ọsitirélíà, tí ó kún fún ejò olóró, nǹkan bí ènìyàn méjì ni ejò ń pa lọ́dún. Ní ilẹ̀ Índíà, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé láti ọdún 2000 sí 2019, nǹkan bí 58,000 ni ó ń kú lọ́dọọdún. Oró nìkan kọ́ ni ó mú ìyàtọ̀ wá. Bí ilé ìwòsàn ti jìnnà tó, àti bí oògùn bá wà níbẹ̀ tàbí kò sí, wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ejò tí ó yẹ kí n dárúkọ fún ọmọ náà ni paramọ́lẹ̀ kékeré ti ilẹ̀ ọ̀dàn, tí kì í sábà gùn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Bí inú bá bí i, a ká ara rẹ̀, a máa fi ìpẹ́ ha ìpẹ́, ariwo rẹ̀ a sì dàbí ìgbà tí omi kán sínú epo gbígbóná. Òun ni ó ń pa ènìyàn jùlọ ní ilẹ̀ ọ̀dàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́. Àwọn oníṣègùn a fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò mímọ́ tí ó gbẹ, wọn a gbé e kalẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú; bí ó bá ṣì ń ṣàn bí omi, wọ́n mọ̀ pé oró ti wọlé. Ẹni náà lè máa rìn, kí ó máa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ìdádúró yìí ni ó sì ń tan àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ. Oró sèbé kì í fúnni ní irú àyè bẹ́ẹ̀: ìpéǹpéjú a wó lulẹ̀, èémí a sì dí. Ní ti paramọ́lẹ̀ ńlá, orúkọ rẹ̀ ti sọ ìwà rẹ̀. Kì í sá fún ìró ẹsẹ̀. Ilẹ̀ ni ó ń pa ara mọ́, títí a ó fi tẹ̀ ẹ́.

Mo dé ibi tí ó nira fún mi láti kọ. Nígbà tí mo jẹ́ igbákejì àlùfáà ní ìjọ yìí, Fádà arúgbó kan fún mi ní àwọn òkúta dúdú. Egungun màlúù tí a sun ni wọ́n. A ní bí a bá fi lé ojú ibi tí ejò bù jẹ, yóò fa oró jáde. Àwọn míṣọ́nnárì pín irú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà, ọkàn rere ni wọ́n sì fi ṣe é. Mo fi lé ẹsẹ̀ ìyá kan, ìyá náà yè, òkìkí kàn, inú mi sì dùn ju bí ó ti yẹ lọ. Mo pín òkúta fún ìdílé méje.

Ní àkókò ìkórè kan, wọ́n wá pè mí lóru pé kí n wá fi òróró mímọ́ yan ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ọjọ́ kẹta nìyẹn tí ejò ti bù ú jẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú dé itan, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì rẹ̀, òkúta mi sì wà lójú ọgbẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun dì í mọ́ ọn. Wọn kò bèèrè ẹni tí ó rán ejò. Bàbá rẹ̀ wí fún mi pé, “Fádà, a ṣe é bí ẹ ti kọ́ wa.” A gbé e dé ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀sán.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó wádìí ìdí tí ìyá ti àkọ́kọ́ fi yè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ejò ń bu nǹkan bí 5,400,000 ènìyàn jẹ lọ́dún. Oró ń wọ ara 1,800,000 sí 2,700,000 nínú wọn. 81,000 sí 138,000 ni ó sì ń kú. Èyí ni pé nǹkan bí ìdajì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni oró kò wọ̀ lára rárá. Ohunkóhun tí a bá fi tọ́jú irú wọn ni yóò gba ìyìn: bí gbẹ́rẹ́ ni, gbẹ́rẹ́; bí òkúta Fádà ni, Fádà.

Àwọn kan yóò rán mi létí pé Olúwa wa wí nínú Ìhìn Rere Máàkù pé àwọn tí ó gbàgbọ́ yóò gbé ejò lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kò wá ejò náà lọ. Ní ọdún 2014, pásítọ̀ kan ní Kentucky, ní Amẹ́ríkà, gbé ejò olóró lọ́wọ́ nínú ìsìn. Ó bù ú jẹ, ó kọ ìtọ́jú, ó sì kú. Kí a má ṣe dán Olúwa Ọlọ́run wa wò. Ẹ sì rántí pé “àwa” ni ẹni tí ó kọ ìtàn Málítà ń wí. Lúùkù wà níbẹ̀, oníṣègùn sì ni.

Oògùn tí ó ń pa oró ejò ti wà láti ọdún 1894. A ń fún ẹṣin ní oró díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi mọ bí a ti ń bá a jà, lára ẹ̀jẹ̀ náà ni a sì ti ń ṣe oògùn. Oògùn ejò ilẹ̀ kan lè má ran ti ilẹ̀ mìíràn lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ kan ní Faransé tí ó ń ṣe ọ̀kan tí ó dára fún Áfíríkà dáwọ́ dúró ní ọdún 2014, nítorí pé kò sí èrè níbẹ̀. Ti ìkẹyìn sì kọjá àkókò rẹ̀ ní 2016. Costa Rica, tí ó jìnnà réré sí wa, ni ó ń ṣe ọ̀kan tí a pèsè nítorí ejò Nàìjíríà. Owó rẹ̀ wọ́n, a sì máa ń tán.

Nítorí náà, bí ejò bá bu ẹnìkan jẹ, ẹ má ṣe sin gbẹ́rẹ́, ẹ má ṣe fi ẹnu fà á, ẹ má ṣe fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ kúrò, ẹ fi igi ti ẹsẹ̀ tàbí apá náà kí ó má mì, kí ẹ sì gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹnìkan fóònù sí ilé ìwòsàn ṣáájú, láti bèèrè bí oògùn bá wà. Bí kò bá sí owó ọkọ̀, ẹ kan ilẹ̀kùn mi, bí ó ti wù kí òru jìn tó. Àdúrà, a ó máa gbà á lójú ọ̀nà.

Nínú òkúta méje, mẹ́rin ti padà sọ́wọ́ mi. Ẹnikẹ́ni tí ọ̀kan nínú mẹ́ta yòókù bá wà nílé rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé òbí rẹ̀ ni ó fi í sílẹ̀ fún un, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá fún mi ní sákírísítì lẹ́yìn Misa. N kò ní bèèrè ohunkóhun.