Ta Ló Pa Ọmọ Jẹ?

Àwọn àgbà ní: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí; ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, èmi kò mọ̀. Èdè ni mo ń kọ́: “lẹ́yìn” kì í ṣe “nítorí”.

Ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1854, afẹ́fẹ́ búburú ni ọ̀pọ̀ di ẹ̀bi kọ́lẹ́rà rù. John Snow fi ilé wé ilé nínú afẹ́fẹ́ kan náà: nínú 10,000 ilé tí ń mu omi ẹlẹ́gbin, ènìyàn 315 kú, níbi tí omi gbé mọ́, 37.

Àkùkọ a máa kéde òwúrọ̀. Bí a pa á jẹ, ilẹ̀ yóò mọ́. Ẹni tí kò bá fi ilé wé ilé, kí ó má lé ìyá arúgbó kúrò nílùú.