Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Àlejò Béèrè Owó Ìlú?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń jáde nígbàkúùgbà tí a bá mẹ́nu ba bí ìjọba ṣe ń náwó. Ẹnìkan á kàn sọ pé: “Ẹ fi ọ̀rọ̀ onílé sílẹ̀ fún onílé. Owó epo wọn ni wọ́n ń ná. Àlejò ni wá ní Port Harcourt.” Ọ̀rọ̀ náà a sì pa gbogbo ènìyàn lẹ́nu mọ́. A fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí, nítorí ó jọ ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí, ṣùgbọ́n kò pé.

Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Òfin ọdún 1999 ní kí ìpínlẹ̀ tí epo ti ń jáde gba, ó kéré tán, ìdá 13 nínú 100 owó tí epo ilẹ̀ rẹ̀ mú wá. Ilẹ̀ àti omi àwọn onílé ni epo bà jẹ́. Àwọn ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, a kò sì gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ wọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n owó epo nìkan kọ́ ni ó wà nínú àpò ìjọba. Owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wa wà níbẹ̀. Owó tí àwọn ìyá wa ń san lọ́jà wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn àgbà ní ojú àlejò ni a ti í jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti í san án. Òwe yìí gan-an ni ó fi hàn pé a kì í ṣe àlejò mọ́. Àlejò ni ẹni tí ó ti lọ nígbà tí wọ́n bá ń san gbèsè. Àwa kò lọ síbì kan. Àwọn ọmọ tí a bí sí Diobu ti ń bímọ síbẹ̀. Bí owó ìlú bá ṣòfò, a wà lára àwọn tí yóò san án.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí kò ṣàjèjì sí wa. Lásìkò ìjọba Gómìnà Rotimi Amaechi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ri àwọn òpó kọnkéré gàgàrà mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà Azikiwe, kí ọkọ̀ ojú irin lè máa gbé èrò kọjá lókè. Àdéhùn àkọ́kọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ni yóò mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà wá. Owó náà kò wọlé bí wọ́n ti rò, ìjọba sì dá ẹrù náà gbé. Iye tí wọ́n kéde pé ó ti bá a lọ ju 30 bílíọ̀nù náírà. Ní 2015, Gómìnà Nyesom Wike gorí oyè, ìjọba rẹ̀ kò sì bá iṣẹ́ náà lọ. Títí tí ó fi kúrò lórí oyè ní 2023, ọkọ̀ kankan kò gbé èrò lórí àwọn òpó náà.

Èrò tí ó bí iṣẹ́ náà kò burú; ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Garrison bá ti dá dúró rí mọ̀ ọ́n. Èkó náà ti jẹ irú ìyà yìí rí. Ọkọ̀ ojú irin tí Gómìnà Lateef Jakande dá lé, ìjọba ológun ni ó fagi lé e ní 1985, owó tí wọ́n ti san sì ṣègbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, Fashola fi í lé Ambode lọ́wọ́, Ambode fi í lé Sanwo-Olu lọ́wọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2. Ó pẹ́, ó sì gbówó lórí, ṣùgbọ́n èrò ń wọ̀ ọ́.

Ohun tí a rí kọ́ ni pé àmánà ni owó ìlú. Àmánà kì í yí olówó padà nítorí pé ọwọ́ tí ó dì í mú yí padà. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsí owó tí yóò fi parí rẹ̀ ní ẹjọ́ láti jẹ́. Ẹni tí ó jogún iṣẹ́ náà, tí ó pa á tì bí ẹni pé owó ọ̀tá òun ni, òun náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Èrò rere kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìṣirò.

Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò. Ẹgbẹ́ mélòó láàárín àwa Yorùbá ni àwọn olóyè tuntun kì í pa ilé tí àwọn olóyè àná mọ dé ojú fèrèsé tì, kí wọ́n lọ fi ìpìlẹ̀ òmíràn lélẹ̀? Akápò mélòó ni wọ́n béèrè ìwé owó lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fa ojú ro pé, “Ṣé olè ni ẹ ń pè mí ni?” Ilé mélòó ni wọ́n ti pa màlúù níbi fìdáù, tí ọmọ olóògbé sì jókòó sílé nígbà tí ilé ìwé wọlé nítorí owó? Ojú àlejò náà ni a ti jẹ gbèsè yẹn.

Àwọn Áfáà wa máa ń sọ ìtàn Kálífà Umar, tí ẹnìkan dìde bi í léèrè níwájú jàmọ́ọ̀ pé báwo ni aṣọ tirẹ̀ ṣe tó o, nígbà tí aṣọ tí wọ́n pín fún oníkálukú kéré. Umar kò bínú. Ó ní kí ọmọ òun dáhùn, ọmọ náà sì ṣàlàyé pé ìpín òun ni òun fi kún ti bàbá òun. Kò sí akápò kan láàárín wa tí ó ju Umar lọ.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ wa tó ná owó kankan, ẹ jẹ́ kí a máa béèrè ohun mẹ́ta: ta ni yóò lò ó? Níbo ni owó tí yóò fi parí wà? Ta ni yóò ka ìṣirò rẹ̀ sí etí gbogbo wa, ọjọ́ wo sì ni? Bí a bá ti mọ́ èyí lára nínú ilé, a lè gbé e dé ọ̀dọ̀ káńsù. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ti dájọ́ ní 11 July 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni ó yẹ kí àwa àti onílé jọ lọ, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí a béèrè gọ́tà àti iná ọjà.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a lè jíṣẹ́ àmánà tí ó wà lọ́wọ́ wa. Àmín.