Lára Ta Ni Apòògùn Yóò Ti Kọ́ṣẹ́?

Èdè ni mò ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga yìí, kò sì yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé láti inú èdè ni mo ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Bí a bá ní ẹnì kan mọ oògùn, Yorùbá kì í dákẹ́ síbẹ̀. A ó bèèrè bóyá ó mọ̀ ọ́n ṣe. A ó sì tún bèèrè bóyá iṣẹ́ náà ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀nà tí ó wà láàárín ìbéèrè méjèèjì yìí jìn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé bá mi gbé yẹ̀wò ni èyí: nígbà tí iṣẹ́ kò tí ì mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìpòògùn lọ́wọ́, lára ta ni ó tọ́ kí ó ti kọ́ ọ?

Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó gba oyè ìpòògùn ṣe àlàyé fún mi bí a ti í po oògùn tí ó kéré púpọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun tí ó pọ̀. A kì í da gbogbo rẹ̀ sínú odó lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹ̀fun tí ó bá oògùn náà dọ́gba ni a ó kọ́kọ́ fi sí i, a ó lọ̀ ọ́ pọ̀. Lẹ́yìn náà a ó fi ìyẹ̀fun tí ó tó àdàlù náà sí i, a ó tún lọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa ṣe títí ìyẹ̀fun yóò fi tán. Bí a bá kánjú, aláìsàn kan lè gba ìyẹ̀fun lásán, kí ẹnì kejì sì gba májèlé. Ẹni tí ń wọn oògùn olómi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi bá ojú omi náà dọ́gba, nítorí omi inú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ a máa tẹ̀ kòtò láàárín, ìsàlẹ̀ kòtò yẹn ni a sì ń kà. Àmì bíńtín pẹ̀lú a máa pa ènìyàn: hóró digoxin, oògùn ọkàn, wà tí ó jẹ́ 0.25 mílígíráàmù, ẹni tí ó bá kà á sí 2.5 ti sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Gbogbo èyí ni ó wà nínú ìwé, ọ̀rẹ́ mi sì ti kà á yege kí ó tó mọ̀ pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n.

Àwọn baba wa mọ èyí: ọmọ-ẹ̀yìn oníṣègùn a máa já ewé, a máa gún un, lójú ọ̀gá rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Nàìjíríà òde òní náà, lẹ́yìn ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ní Yunifásítì, ọdún kan gbáko ni ẹni tí ó gboyè yóò tún fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ àgbà apòògùn.

Ṣùgbọ́n odó inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣàìsàn. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí aláìsàn tòótọ́ yóò dúró níwájú ọwọ́ tí ń kọ́ṣẹ́. Ta ni yóò jẹ́? Kò dájú pé ọlọ́rọ̀ ni, nítorí ó ní ibi tirẹ̀ tí ó ń lọ. Ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n wá sí ilé-ìwòsàn ìjọba láti ìdájí ni. Ara tálákà ni a ti ń kọ́ṣẹ́, a kì í sì í sọ ọ́ síta.

Àwọn kan yóò ní kí a má ṣe sọ fún un, pé bí ó bá mọ̀, yóò kọ̀, a kò sì ní rí apòògùn lọ́la. Èmi kò gbà. Bí ìyá yìí bá jẹ́ aránṣọ, ó mọ̀ pé àkísà ni a fi ń kọ́ ọmọ-iṣẹ́ kí a tó fún un ní aṣọ oníbàárà, ó sì mọ̀ pé ọ̀gá ni yóò dáhùn bí aṣọ bá bàjẹ́. Ohun tí yóò bèèrè kò ju pé: ta ni ọ̀gá, níbo ni ó sì wà? Bí a kò bá lè nawọ́ sí ọ̀gá náà níbẹ̀ níbẹ̀, àwa ni a jẹ̀bi, kì í ṣe ẹ̀rù rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọwọ́ tí ó mọṣẹ́ nìkan ti tó. Ní Amẹ́ríkà ní 1937, Harold Watkins, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé-iṣẹ́ olóògùn kan, fẹ́ sọ sulfanilamide di oògùn olómi. Ó fi diethylene glycol yọ́ ọ. Ó yọ́, ó dùn lẹ́nu, ó sì dára lójú. A kò dán an wò bóyá ó lè pani, òfin ìgbà náà kò sì sọ ọ́ di dandan. Ó lé ní 100 ènìyàn tí ó kú, ọmọdé sì wà nínú wọn. Májèlé kan náà ni ó wà nínú oògùn eyín tí ó pa ọmọ tí ó lé ní 80 ní Nàìjíríà láàárín 2008 sí 2009. Kò dà bí ẹni pé ọwọ́ Watkins gbọ̀n rárá. Nítorí náà ni n kò fi fẹ́ kí ìkọ́ṣẹ́ mú gbogbo gbígbọ̀n kúrò lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí ó kù díẹ̀ tí yóò máa mú un pe ẹlòmíràn pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un wò.”

Ẹlòmíràn náà ni ó wá ń ṣọ̀wọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fi ara tálákà kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ń bá ọkọ̀ òfurufú lọ sí Ìlú Ọba. N kò bú wọn. Owó oṣù ibí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n gbèsè ni mo pè é. Ọ̀rẹ́ mi pàápàá ti ń kó ìwé ìrìnnà rẹ̀ jọ. Mo bi í pé ta ni yóò dúró lẹ́yìn ọmọ-iṣẹ́ tí ó bá dé ibẹ̀ lẹ́yìn òun. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rò ó. A kò tí ì padà sórí ọ̀rọ̀ náà.